Bí Àlejò Ṣe Ń Wọ Ọgbà Arámọ̀kọ Nígbà Tí Wọ́n Tú Ojú Ọ̀nà

Ọjọ́ tí katapílà kọ́kọ́ dé Arámọ̀kọ, gbogbo ìlú ló jáde lọ wò ó. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé e, àwọn ìyálọ́mọ pọn ọmọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn àgbà gbé àga síta kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ọ̀nà tó ti Adó wá tó lọ sí Iléṣà ni ìjọba fẹ́ ṣe lọ́dà. Ìgbà tí òmìnira ṣì tutù lọ́wọ́ ni, kò sì sí ohun tí ará ìlú ń retí tó ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró láàárín èrò tí kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣẹ́nì ni, ọkùnrin tí káńsù gbà pé kó máa tọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. Ibi tí ẹ̀rọ ńlá náà dorí kọ ló ń wò, ó sì ti rí i pé ẹnu géètì òun gan-an ló ń bọ̀.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ iwájú géètì fi di kòtò. Orí òkè díẹ̀ ni ọgbà náà wà. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fẹ́ kí ojú ọ̀nà tẹ́jú, wọ́n bá gé òkè náà lulẹ̀ bí ẹni ń gé ọṣẹ. Ibi tí àlejò ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tẹ́lẹ̀, tí yóò kàn gbẹ́sẹ̀ wọlé, wá di ògiri erùpẹ̀ pupa tó ga ju ènìyàn lọ. Géètì ṣì wà lókè ní tirẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kùn ún ṣì ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dé ìdí rẹ̀ mọ́ àyàfi ẹyẹ.

Ọmọ Ìdó-Ilé ni Ọ̀ṣẹ́nì. Oko kòkó ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun náà ì bá sì ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó di géńdé, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wáṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ilé òyìnbó kan ló ti ríṣẹ́. Wọ́n ní kó máa tọ́jú ọgbà òdòdó. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín nínú ara rẹ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi koríko tí ẹran kò gbọdọ̀ jẹ ṣe, àti ewé tí a kì í sè lọ́bẹ̀? Ṣùgbọ́n bó ti ń bomi rin ín láràárọ̀, tó ń rí bí ohun tó dà bí igi gbígbẹ lánàá ṣe ń rúwé lónìí, ọkàn rẹ̀ fà mọ́ ọn. Nígbà tí òyìnbó náà padà sí ìlú rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì di irúgbìn òdòdó sínú àpò kan, ó forí lé ilé. Ó fẹ́ Ràbíátù, ọmọ Arámọ̀kọ, ó sì fi ìlú àna ṣe ibùgbé.

Àsìkò yẹn gan-an ni káńsù ń wá ẹni tí yóò sọ ilẹ̀ kan létí ìlú di ọgbà. Igbó kìjikìji ni nígbà náà, odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ ṣàn kọjá. Ọ̀ṣẹ́nì ṣán igbó náà, ó fi òkúta tẹ́ ọ̀nà tóóró láàárín rẹ̀, ó gbin òdòdó pupa, ó gbin funfun, ó sì gbin èyí tó máa ń fà gun orí igi tí yóò sì ṣù bo ẹ̀ka rẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan bẹ́ǹṣì sábẹ́ ìbòòji. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìjerò wá, wọ́n ń ti Ẹ̀fọ̀n àti Ìjùrìn wá. Ẹni tó ń lọ wo omi gbígbóná ní Ìkọ̀gòsì a yà síbẹ̀ sinmi. Tọkọtaya tó bá ṣe ìgbéyàwó ní gbogbo agbègbè náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Bí àlejò bá ti dé, Ọ̀ṣẹ́nì a di bọ́tìnnì kakí rẹ̀ dé ọrùn, a ṣí géètì, a ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ gbádùn ara yín, ẹ má sì já òdòdó." Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá àwọn mọ orúkọ òdòdó ju orúkọ àwọn lọ.

Ẹni tó máa ń wá jù ni Tísà Pius, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì tó sì padà wá sílé láti Ìjerò. Ní ìrọ̀lẹ́, a mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a sì máa ka ìròyìn sókè kí Ọ̀ṣẹ́nì lè gbọ́ bó ti ń gé koríko. Nígbà tí wọ́n gé òkè náà tán, Tísà ṣì wá bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró sísàlẹ̀ nínú eruku, ìwé ìròyìn lábíyá, ó gbójú sókè.

"Ọ̀ṣẹ́nì! Ṣé dáadáa lo wà lókè níbẹ̀?"

"Dáadáa ni, sà! Ẹ̀yin náà ńkọ́ nísàlẹ̀?"

"A ti di ará ayé àti ará ọ̀run!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Nígbà tí Tísà yí padà tó ń lọ, Ọ̀ṣẹ́nì dúró tí géètì títí kò fi rí i mọ́.

Kì í ṣe pé Ọ̀ṣẹ́nì káwọ́ gbera. Ó gbé àkàbà ti ògiri erùpẹ̀ náà, ṣùgbọ́n obìnrin wo ló máa fi ìró àti ìborùn gun àkàbà níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà? Ó fi ọkọ́ gbẹ́ àtẹ̀gùn sára ilẹ̀, òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ tó fi di ẹrẹ̀. Nígbà tó tún fẹ́ gbẹ́ òmíràn, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀rọ ń lọ ó ń bọ̀ níbí látàárọ̀. Bí ènìyàn bá yọ̀ ṣubú sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀ṣẹ́nì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Òun fúnra rẹ̀, ojú odò ló ń gbà wọlé. A ká ṣòkòtò dé orúnkún, a wọ́ gba abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún níbi tí omi ti ń ṣàn jáde. Ta ni àlejò tó máa wọ́ gba abẹ́ wáyà?

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà dá wáí. Òdòdó ń tàn, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, akọ̀wé káńsù, wá dúró sísàlẹ̀ ògiri erùpẹ̀ náà, ó pe Ọ̀ṣẹ́nì. Ọ̀ṣẹ́nì gba ojú odò, ó yí wá bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ro omi.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀," Bánkọ́lé bẹ̀rẹ̀. "Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ń wá ibi tí wọ́n máa kó òkúta àti àgbá ọ̀dà sí. Wọ́n ní ọgbà yìí ló súnmọ́ wọn jù, kò sì sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, káńsù máa jókòó lé e lórí."

"Òkúta? Sórí òdòdó, ọ̀gá?"

"Bí ọ̀nà bá ti parí, wọ́n á kó o kúrò."

"Ọ̀dà lẹ̀ ń wí o. Ilẹ̀ tí ọ̀dà bá ti dà sí, kí ló tún máa hù níbẹ̀?"

Bánkọ́lé wolẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Mo mọ̀, Bàbá. Fọ́tò ìgbéyàwó tèmi náà, ibẹ̀ ni mo ti yà á, ó ṣì wà ní pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ọgbà tí àlejò kò lè wọ̀, ṣé ọgbà ni àbí igbó? Bí mo bá rí i pé àwọn ènìyàn ṣì ń wọlé, ẹnu mi á gbà á láti jà fún yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́…" Kò parí rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Tísà Pius tún dé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà sì wà lẹ́nu rẹ̀. Níkẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ọmọkùnrin Ìjùrìn kan tó ń jẹ́ Olúṣẹ́gun. Láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń sọ pé nínú ọgbà Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ni òun máa dúró sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Tísà sì ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀ nípa ọgbà náà.

"Bí kò bá ṣeé ṣe, má yọ ara rẹ lẹ́nu," Tísà ní. "Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà kò burú." Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ lọ́rùn.

Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì délé, Ràbíátù gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè kan, ó ń yí i kiri nínú ọbẹ̀, kò gbé e sẹ́nu.

"Iyán ń tutù," Ràbíátù ní.

"Ebi ò pa mí."

"Ọkùnrin Èkìtì tí iyán wà níwájú rẹ̀ tó ní ebi ò pa òun, ó yẹ ká gbé e lọ ọsibítù."

Ó bá sọ ohun gbogbo fún un, láti orí òkúta dórí ọ̀dà dórí ìgbéyàwó Níkẹ́. Ràbíátù gbọ́ ọ tán. Ó mú àwo ọbẹ̀ kúrò kí eṣinṣin má bà lé e, ó sì jókòó.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ó ní. "Ẹ ti ń wo iwájú láti ọjọ́ yìí. Ṣé ọgbà náà ò lẹ́yìn ni?"

"Ẹ̀yìn wo?"

"Ilé Yèyé Amudalat."

Ọ̀ṣẹ́nì mọ ilé náà dáadáa. Òun náà ti ronú kan ilé yẹn, ó sì ti lé èrò náà kúrò lọ́kàn bí ẹni lé adìẹ. Ẹ̀yìnkùlé Yèyé Amudalat ló kángun sí ẹ̀yìn ọgbà. Opó àgbà ni, ẹní ló ń hun tà, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tóóró kan tí katapílà kò fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí káńsù ní kí wọ́n fi wáyà yí ọgbà ká, ọwọ́ Ọ̀ṣẹ́nì ló kan wáyà náà mọ́ igi. Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń kan ìyá náà. Kò pẹ́ sígbà náà, ewúrẹ́ rẹ̀ fo wáyà, ó jẹ òdòdó tí Ọ̀ṣẹ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, Ọ̀ṣẹ́nì sì so ó mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà náà, ìyá náà kì í kí i. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ìyá náà a dá gbogbo ènìyàn lóhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan Ọ̀ṣẹ́nì, a gbójú sókè wo sánmà bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀.

"Kò ní gbà," Ọ̀ṣẹ́nì ní.

"Ṣé ẹ ti bi í ni?"

"Ewúrẹ́ rẹ̀ ló jẹ òdòdó mi tán!"

"Òdòdó ọ̀hún kò tún hù ni?" Ràbíátù dìde, ó gbé àwo. "Ẹ̀yin lẹ so ewúrẹ́, kì í ṣe èmi. Ẹ lọ bá a. Ẹ sì máa jẹ iyán yín kí n tó fi bọ́ ajá."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ọ̀ṣẹ́nì lọ. Yèyé Amudalat jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń hun ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Ọ̀ṣẹ́nì dọ̀bálẹ̀ sórí erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrun lọ́rùn.

"Salamu aleekun, Yèyé."

Ìyá náà kò gbójú sókè. "Aleekun salamu. Salamu Ọlọ́run ni mo dáhùn o, kì í ṣe tìẹ."

Ọ̀ṣẹ́nì kò dìde. Ibi tó wà náà ló ti rò gbogbo rẹ̀: ògiri erùpẹ̀, òkúta, àgbá ọ̀dà, ọmọ Tísà. Ó ní bí Yèyé bá lè jẹ́ kí àlejò máa gba ẹ̀yìnkùlé yìí kọjá títí ọ̀nà á fi parí, òun máa gé wáyà níbẹ̀, òun á sì máa gbá ilẹ̀ fún un láràárọ̀.

Ìka ìyá náà kò dúró lórí ẹní.

"Ọ̀ṣẹ́nì, ṣé o mọ̀ pé mi ò tíì dé inú ibẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti fi wáyà yí i ká?"

"Yèyé, géètì wà níwájú. Kò sí ẹni tó máa lé yín."

"Kí n jáde ní ulé mi, kí n yí gbogbo ìlú po, kí n wá kan ilẹ̀kùn bí àlejò, nítorí ohun tó wà lẹ́yìnkùlé mi?" Ó gbójú sókè wàyí. "Odò yẹn ni ìyá ọkọ mi ti wẹ gbogbo ọmọ mi. Níbi tí mo jókòó sí yìí, mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ lójoojúmọ́. Ará Ìjerò ń rí i. Òyìnbó tó ń lọ Ìkọ̀gòsì ń rí i. Èmi, wáyà ni mò ń rí."

Ọ̀ṣẹ́nì gbé orí sókè. Ó yíjú sí wáyà náà. Láti gbogbo ọdún yìí, inú ọgbà ló ti máa ń wò ó, òdòdó ló sì máa ń rí lára rẹ̀. Kò tíì dúró níhà ìhín rí. Níhà ìhín, irin tó ti dógùn-ún lásán ni, ipa ẹsẹ̀ àtijọ́ kan sì lọ tààrà títí dé ìdí rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Yèyé," ó ní. "Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ti ewúrẹ́ ọjọ́sí náà…"

"Ta ló bá ọ sọ ti ewúrẹ́? Ewúrẹ́ tí a ti pa jẹ lọ́dún iléyá ìjelòó!" Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó yára gbé e mì. "Gbọ́. Bí ọ̀nà yín bá parí, tí àlejò padà síwájú, ṣé ẹ ò ní tún fi wáyà dí mi mọ́bí?"

"Yèyé, mi ò lè gbẹnu káńsù sọ̀rọ̀."

"Mi ò bi káńsù. Ìwọ ni mo bi."

Ọ̀ṣẹ́nì mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. "Ọwọ́ mi kọ́ ni yóò dí i," ó ní.

Ìyá náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó gbọn ìdọ̀tí ẹní kúrò lára ìró rẹ̀. "Dìde nílẹ̀," ó ní. "Lọ mú ohun tí o máa fi gé e wá kí oòrùn tó wọ̀."

Wọ́n gé wáyà náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀ṣẹ́nì gé e, Ràbíátù ń ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀gún rẹ̀ má fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Kí wọ́n tó gbá ilẹ̀ tán, Yèyé Amudalat ti gba àárín wọn kọjá. Kò wo òdòdó, kò wo bẹ́ǹṣì. Ipa ẹsẹ̀ àtijọ́ yẹn ló tẹ̀lé lọ tààrà, bí ẹni pé kò sí wáyà níbẹ̀ rí, ó dé etí odò, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe bí ẹni tó ń fa koríko tu.

Òjò rọ̀ ní ìdájí Sátidé. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé Yèyé ti di ẹrẹ̀ pupa. Aṣọ funfun ni ìyàwó máa wọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì sáré gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ṣì ń yọjú láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí Yèyé Amudalat fi jáde nínú ilé, ẹní tuntun jọ gègèrè lórí rẹ̀, gbogbo èyí tó hun sílẹ̀ de ọjọ́ ọjà. Ó ń tẹ́ ẹ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà tóóró títí wọ inú ọgbà.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí lọ́rì àwọn ará Ìjùrìn dúró. Wọ́n ń kọrin bọ̀, àwọn obìnrin gbé àgbòjò sókè. Olúṣẹ́gun wọ kóòtù dúdú, Níkẹ́ wọ aṣọ funfun tó ń wọ́lẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a mú lẹ́yìn. Bó ti rí ẹní nílẹ̀, ó dúró.

"Yèyé, ẹní tuntun ni o! Bàtà wa á bà á jẹ́."

"Kí la tún ń fi ẹní ṣe bí kò ṣe ká tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi?" Yèyé Amudalat ní. "Máa bọ̀ jàre. Ọkọ rẹ ń dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọlé, gbogbo wọn, àna tọkọ tìyàwó, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ará mọ́ṣáláṣí. Òjò ti fọ òdòdó mọ́, ó ń dán bí ohun tí a fi epo pa. Àwọn ará Ìjùrìn ń wò yíká, wọ́n ń mi orí. Tísà Pius lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ó fọwọ́ pa á lára, ó dìde. Onífọ́tò ti gbé àpótí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ igi, ó fi aṣọ dúdú borí, ó ń ké láti abẹ́ rẹ̀, "Ẹ sún mọ́ra! Bàbá ìyàwó, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀!" Nígbà tó fẹ́ yà á, Níkẹ́ ní kó dúró ná. Ó pe Yèyé Amudalat. Ìyá náà ní aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn òun, òun kò wá. Níkẹ́ ní òun náà ò ní jẹ́ kí wọ́n yà á. Ó di dandan kí ìyá náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ó fi ìborùn nu ojú, ó sì le ojú koko mọ́ onífọ́tò náà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

Inú Ọ̀ṣẹ́nì ń dùn bọ̀. Àfi bó ti yíjú tó rí Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé. Òun náà wà lára àwọn tí Tísà pè. Ó dúró síbi tí wọ́n ti gé wáyà, ó di etí irin tí wọ́n ká náà mú, ó ń wò ó.

"Bàbá, ta ló gé wáyà ìjọba?"

"Èmi ni, ọ̀gá," Ọ̀ṣẹ́nì ní.

"Ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Kò sí ẹni tó ní kí n gé e, ọ̀gá."

Bánkọ́lé fi irin náà sílẹ̀. Ó wo èrò tó kún inú ọgbà, ó wo Ọ̀ṣẹ́nì. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé." Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Gbogbo adùn tó wà lẹ́nu Ọ̀ṣẹ́nì di omi.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ènìyàn tún wá. Àwọn ará ìlú fúnra wọn tí wọ́n ti gbọ́ nípa fọ́tò náà wá wo ibi tí wọ́n gbà wọlé, àwọn tó ti ibi ìsìn dé náà yà wá jókòó. Ọ̀ṣẹ́nì kí wọn káàbọ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti ku òun nìkan, a máa rò ó pé bóyá ọjọ́ ìkẹyìn òun nínú ọgbà náà nìyí. Bí wọ́n bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun, oko wo lòun fẹ́ padà sí ní Ìdó-Ilé? Ràbíátù gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀, ó rí i pé kò gbọ́, ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ kakí rẹ̀, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó bomi rin gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kò tíì gbẹ. Yèyé Amudalat gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sínú ọgbà, ó jókòó sétí odò, ó ní oòrùn ẹ̀yìnkùlé ti pọ̀ jù. Kò sí oòrùn kankan lọ́jọ́ náà. Ọ̀ṣẹ́nì mọ̀ pé nítorí òun ló ṣe wá jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí Bánkọ́lé ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, ó nu ojú rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀, Bàbá," ó ní. "Àwọn kan ní wáyà ìjọba ni ẹ gé, kí a fi yín jófin. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Mo sọ ti àwọn ará Ìjùrìn fún wọn. Mo ní lọ́jọ́ Sátidé, ọgbà tí ẹ ní kò sẹ́ni tó ń wọ̀ yìí, èmi fúnra mi kò rí bẹ́ǹṣì jókòó sí."

Bánkọ́lé nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wọn ò ní kó òkúta wá síbí mọ́. Pápá kan wà lẹ́yìn ìlú lọ́nà Adó, ibẹ̀ ni wọ́n á kó o sí, àti òkúta àti ọ̀dà. Ti ẹ̀yìn yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà á wá kan ilẹ̀kùn síbẹ̀. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ parí, ilẹ̀kùn náà á máa wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà náà, ará ìlú ni wọ́n."

"Wáyà ńkọ́, ọ̀gá?"

"Wọ́n ní kí n bá yín wí dáadáa."

Ọ̀ṣẹ́nì tẹríba. "Ẹ máa bá mi wí, ọ̀gá."

"Mo ti bá yín wí báyìí," Bánkọ́lé ní.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé Ọ̀ṣẹ́nì. Ó jókòó sórí koríko tútù pẹ̀lú kakí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Alihamudulilahi," ó tún un sọ, ẹ̀rín sì gbà á. Bánkọ́lé náà bú sẹ́rìn-ín. Létí odò, Yèyé Amudalat kò yíjú sí wọn.

"Kí lẹ̀ ń rín sí?" ó ní. "Ṣé ẹ rò pé wọn ò ní gbà tẹ́lẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì rí i pé ojú kan náà lára ẹní ló ń hun tó sì ń tú, látìgbà tí Bánkọ́lé ti wọlé.

Ó pẹ́ kí ọ̀nà tó parí. Òjò dá wọn dúró, ẹ̀rọ bàjẹ́ lọ́nà, àwọn òṣìṣẹ́ lọ wọ́n tún bọ̀. Ní gbogbo àkókò náà, àlejò kò dín. Lọ́rì a já wọn sẹ́nu ọ̀nà tóóró, wọn a kí Yèyé níbi tó ti ń hun ẹní, òun náà a ní kí wọ́n máa wọlé, kí wọ́n má já òdòdó o, bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Nígbà tí ọ̀dà dé nígbẹ̀yìn, tí ọ̀nà sì ń dán láti ìhà Adó títí lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n, káńsù fi sìmẹ́ńtì kọ́ àtẹ̀gùn sí géètì iwájú. Àwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn a gba ibẹ̀. Ará ìlú kò fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gbé níhà ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọmọ wọn nínú odò náà láràárọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì a sì máa dá iṣẹ́ dúró lẹ́bàá ibẹ̀ díẹ̀, a ki ọkọ́ mọ́lẹ̀, a gbára lé e, a máa gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ké nítorí omi tútù.